Ọ̀dà Abẹ́ Aṣọ: Ìtàn Ìdáàbòbò Egungun Irin Ọkọ̀ Òfuurufú

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ àti apá rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé gẹ̀gẹ̀. Èmi fẹ́ kí a yẹ ohun tí ojú kì í rí wò, èyíinì ni ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń kùn sára irin kí a tó fi aṣọ bò ó.

Ọ̀pá irin oníhò tí a jó pọ̀ ni egungun ara Fokker D.VII tí àwọn ará Jámánì gbé lọ sójú ogun ní 1918. Irú egungun bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà nínú Piper J-3 Cub ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe láàrin 1938 sí 1947, tí iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ni ara wọn kò nípọn tó mílímítà kan. Ìpáàrà kò ní láti jẹun pẹ́ kí ó tó dá wọn lu.

Ṣùgbọ́n omi nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tàbí ti òwú kì í le fúnra rẹ̀. Oje kan tí à ń pè ní dope ni a ń kùn sí i kí ó lè súnkì, kí ó sì le bí awọ ìlù. Bí oje yìí bá gba inú aṣọ kan irin, a máa yọ́ ọ̀dà olóròóró. Ọ̀dà náà a wú, a sì ṣí kúrò. Iṣẹ́ tí ó mú aṣọ le ni ó ń tú irin síhòòhò.

Ní àwọn ọdún 1930 ni zinc chromate gbilẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dára: bí omi bá wọlé, díẹ̀ nínú chromate a yọ́ sínú rẹ̀, a sì ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú irin tí ìpáàrà kò fi ráyè. Àwọn kan ka èyí sí òpin ìṣòro náà. N kò gbà, nítorí dope ń ṣí òun náà. Epoxy, ọ̀dà alápá méjì tí a ń pò pọ̀, ni dope kò lè ṣí bí ó bá ti gan tán. Ìgbà tí aṣọ pọliẹ́sítà sì dé, ọ̀ràn náà tún wúwo sí i: aṣọ òwú a máa gbó láàrin ọdún díẹ̀, a ó ṣí i, a ó rí irin, pọliẹ́sítà lè bo irin mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Inú ihò ọ̀pá kò ṣeé kùn, nítorí náà òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ gbígbóná ni wọ́n ń dà sí i, tí wọ́n sì ń ro ó dànù. (Igi ọ̀gbọ̀ kan náà ni ó pèsè aṣọ òde àti òróró inú.) Ní 1993, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ọ̀pá tí ó gbé apá àwọn Piper ró wò, nítorí ìpáàrà ń jẹ wọ́n láti inú.

Ẹ̀mí ẹni tí ń kun ọ̀dà ńkọ́? Ní 1990, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi irú chromium tí ó wà nínú chromate sí ara ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Epoxy tí kò ní chromate wà lónìí, ṣùgbọ́n dídí ni ó ń dí omi lọ́nà. Bí nǹkan bá ha á dé irin, kò ní chromate tí yóò yọ́ jáde láti bo ojú ọgbẹ́ náà.