Ọ̀rọ̀ Àpọ̀jù ní Ẹnu Lárúbáwá àti Ìbéèrè Orírun Wa

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Yorùbá: ṣé lóòótọ́ ni pé láti ìhà Mẹ́kà ni àwọn baba ńlá wa ti ṣẹ̀ wá? Muhammadu Bello ti Ṣókótó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Infaq al-Maysur, ní ọdún 1812, pé ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, ìran Nimrod, ni wá, àti pé ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti lé wa jáde. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, gba ìtàn Lámúrúdù ọba Mẹ́kà sílẹ̀ bí àwọn àgbà ti pa á fún un, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ara ìdílé Lárúbáwá ni wá. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ère Ifẹ̀, oríkì àti àṣà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún un nínú àròkọ yìí, èyíinì ni bí ènìyàn ṣe ń sọ pé nǹkan pọ̀, tàbí pé ó ti pọ̀ jù.

Kí ló dé tí mo fi mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Orúkọ ohun èlò, orúkọ oyè, orúkọ ohun ẹ̀sìn, gbogbo wọn ni oníṣòwò àti àlùfáà lè kó wá bá ènìyàn nílé. Nígbà tí àlùbọ́sà dé ọjà wa, orúkọ rẹ̀ ni ó bá a dé, al-baṣal Lárúbáwá tí ó gba ẹnu Haúsá kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń ké sí ìyá rẹ̀ pé ata ọbẹ̀ pọ̀ jù kì í bá ẹrù dé. Inú ilé ni a ti ń kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn Lárúbáwá fúnra wọn. Nínú èdè ìwé, èyí tí a ń kọ́ ní ilé-kéwú, kathīran ni 'púpọ̀', jiddan sì ni 'gan-an'. Ṣùgbọ́n ta ni í fi èdè ìwé bá ọmọ rẹ̀ wí? Ní Íjíbítì, awi ni wọ́n ń sọ, èyí tí ó wá láti ara qawī, 'alágbára'. Ní Lẹ́bánónì àti Síríà, ktīr ni, kathīr tí ẹnu ti gé kúrú. Kulliš ni ti àwọn ará Ìráàkì, láti ara 'gbogbo nǹkan'. Ní agbègbè Mẹ́kà àti Jẹ́dà gan-an, marra ni wọ́n ń wí, bẹ́ẹ̀ 'ẹ̀ẹ̀kan' ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Tùnísíà ní barsha. Ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ tó báyìí kò jìnnà: bí a bá ti ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, tí a ó sì máa wá òmíràn tí ó tún le. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà ń ṣe é. Wọn a ní 'ó dùn jù', bẹ́ẹ̀ wọn kò fẹ́ kí adùn ọ̀hún dín rárá.

Èyí tí ó wù mí jù nínú wọn ni bizzāf ti àwọn ará Mòrókò àti Àlùjéríà. Juzāf ni àwọn onímọ̀ èdè sọ pé ó ti wá, ọ̀rọ̀ òfin òwò nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ó túmọ̀ sí kí a ta ọjà ní òkìtì láìwọ̀n ọ́n, láìkà á. Àwọn adájọ́ jiyàn lé e lórí nínú ìwé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó di pé ọmọ adúgbò ń fi í sọ pé ebi ń pa òun púpọ̀. Ohun tí a kò wọ̀n di ohun tí ó pọ̀.

Àwa tí a ń gbé Àbújá lè rí nǹkan tí ó jọ èyí ní ọjà Wúsè. Mudu ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí wọ́n ti ń fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n ní Ìbàdàn. Mudd Lárúbáwá ni mudu, òṣùwọ̀n tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ka sàká ìtúnu àwẹ̀. Bí iye tí oníbàárà dá bá kéré, Haúsá tí ó ń tajà lè dáhùn jẹ́jẹ́ pé 'Albarka', kí oníbàárà mọ̀ pé òun kò gbà. Òun kan náà ni àlùbáríkà tiwa, tí ìbísí wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá dúnàádúrà tán, tí alájà bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé orí mudu tí ó ti kún, èènì ni Yorùbá ń pè é, gyara ni Haúsá ń pè é. Òṣùwọ̀n ti ọ̀nà jíjìn wá. Orúkọ ohun tí ó borí òṣùwọ̀n kò kúrò nílé.

Àwọn kan wà ní Nàìjíríà yìí tí wọ́n bá Lárúbáwá tan ní tòótọ́, àwọn ni a fi lè dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Àwọn ni Ṣúwà ti ilẹ̀ Borno. Ìwé ẹ̀rí wà lórí wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1391, ọba Borno, Uthman ọmọ Idris, kọ lẹ́tà sí Sultan Barquq ní Íjíbítì, ó ń fi ẹjọ́ àwọn Lárúbáwá kan sùn tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Al-Qalqashandi, akọ̀wé ààfin Íjíbítì, da lẹ́tà náà kọ sínú ìwé rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ó ju 600 ọdún lọ, nígbà náà, tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti wà ní agbègbè adágún Chad. Wọ́n ti da ara pọ̀ mọ́ Kànúrí, wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọ̀ wọn pàápàá kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wọn. Síbẹ̀, bí Ṣúwà bá fẹ́ sọ pé nǹkan pọ̀, katīr ni yóò sọ, bí ó bá sì fẹ́ kí ó le sí i, a ní bilhēn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìbátan rẹ̀ ní Chad. Jonathan Owens, tí ó kọ gírámà èdè wọn ní 1993, fi hàn pé ẹ̀ka Lárúbáwá gidi ni èdè náà. Tọkọtaya ni wọ́n kó wá, pẹ̀lú ọmọ àti màlúù. Nítorí náà ni èdè inú ilé ṣe bá wọn wá.

Kí ni àwa ní tí ó jọ ọ́? A ní wàhálà, a ní fìtínà, a ní mùsíbà, gbogbo ohun tí àṣejù máa ń bí. A ní sùúrù, èyí tí a fi ń gba wọ́n mọ́ra. A ní wákàtí àti kàdàrà. Ọwọ́ àwọn àlùfáà àti oníṣòwò láti Mali, Songhai àti ilẹ̀ Haúsá ni a ti gbà wọ́n. Orúkọ náà, Ìmàle, ṣì ń tọ́ka sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ṣùgbọ́n púpọ̀, gan-an, rẹpẹtẹ, bẹẹrẹ, jù: n kò rí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè fi lé Lárúbáwá lọ́wọ́. Haúsá pàápàá, tí ó gba ti Lárúbáwá jinlẹ̀ débi pé ashirin, talatin, arba'in ni ó fi ń ka ogún, ọgbọ̀n àti ogójì, ṣì ń sọ da yawa tirẹ̀.

Ẹnìkan lè ní bóyá a kò gbọ́ èdè ìgboro wọn rí ni. Àwọn Kòráà ti ń sọ ktīr ní ìsọ̀ wọn ní Èkó àti Ìbàdàn láti ohun tí ó lé ní 100 ọdún. Aṣọ wọn ni a rà, a kò ra ọ̀rọ̀ náà. Jiddan ni wọ́n sì ń kọ́ni ní Markaz Agége tí Sheikh Adam al-Ilori dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, kí ó tó kó o kúrò ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó kọ́ ọ níbẹ̀ ń lò ó nínú wàásù àti ìwé. Bí wọ́n bá délé, 'gan-an' ni.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju orúkọ lọ. Lárúbáwá ìgboro kò fi bẹ́ẹ̀ ya 'púpọ̀' kúrò lára 'púpọ̀ jù'. Bí ará Bèírúùtù bá ní ọjà kan ktīr ghāli, ó lè jẹ́ pé ó wọ́n gan-an, ó sì lè jẹ́ pé ó wọ́n jù. Ohùn àti ojú rẹ̀ ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. Bí ó bá fẹ́ kí ó yéni yékéyéké, a fi gbólóhùn kan kún un pé ó kọjá èyí tí ó yẹ. Kì í ṣe pé wọn kò mọ àṣejù o. Òwe wọn ní ohun tí ó bá kọjá ààlà rẹ̀ a di òdìkejì rẹ̀. Àwa ní Alásejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, jù, ni ó sì ru gbogbo ẹrù náà. Jù yìí kan náà ni a fi ń sọ pé Òjó ga ju Àìná lọ. Lárúbáwá kì í ṣe é bẹ́ẹ̀; ara ọ̀rọ̀ náà ni ó ń yí padà, tí kabīr yóò di akbar. Àwọn tí ó ń ṣe é bí tiwa ni àwọn tí ó yí wa ká: Haúsá tí ó ń lo fi, Fọ̀n tí ó ń lo hú, Éwé tí ó ń lo wú, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'jù'.