Àmì Ara Ọta àti Ẹnu Ẹlẹ́rìí: Ibi tí Agbára Ìmọ̀ Ìwádìí Ìbọn Mọ

Ní oṣù Kẹta ọdún 1915, ní West Shelby ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n yìnbọn pa àgbẹ̀ àgbàlagbà kan àti obìnrin tó ń bá a tọ́jú ilé. Charlie Stielow, alágbàṣe tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ni ọlọ́pàá gbé. Ó ní ìbọn ìléwọ́ kan tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ jẹ́ .22, ọgbọọgba pẹ̀lú ọta tí wọ́n yọ lára òkú. Albert Hamilton, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ nípa oríṣiríṣi ẹ̀rí, wá jẹ́rìí pé òun rí ìlà mẹ́sàn-án tó há lẹ́nu ìbọn náà, òun sì rí ojú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lára àwọn ọta. Fọ́tò tó kó wá kò fi àwọn ìlà ọ̀hún hàn. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ júrì gbà á gbọ́, adájọ́ sì ní kí wọ́n lọ fi àga oníná pa Stielow.

Nígbà tí gómìnà ìpínlẹ̀ náà, Charles Whitman, ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ìbọn àti ọta dé ọ̀dọ̀ Max Poser ní Rochester, ní ilé iṣẹ́ Bausch & Lomb tó ń ṣe awò. Poser wo ìbọn náà fínnífínní, kò rí ìlà mẹ́sàn-án tí Hamilton búra lé lórí. Ohun tó rí yàtọ̀: inú ìbọn tó yọ àwọn ọta apànìyàn náà ní àbùkù láti ilé iṣẹ́, nítorí àyè kan láàárín kòtò méjì níbẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbọn Stielow kò ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Ní 1918 wọ́n tú u sílẹ̀.

Ìmọ̀ ìwádìí ìbọn àti ọta, tí ilé ẹjọ́ ń gbára lé láti mọ ìbọn tó yọ ọta kan, ní ìpìlẹ̀ tó dájú. Irin ń há irin. Àmì tí èyí ń fi sílẹ̀ ṣeé fojú rí, a sì mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n àmì kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹnu ènìyàn ló ń gbé e dé iwájú adájọ́, ìjiyàn mi sì ni pé ibi tí ìmọ̀ yìí ti ń pa aláìṣẹ̀ lára láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá ni ibi tí ẹlẹ́rìí ti sọ ju ohun tí àmì gbé lọ. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń kọ ọ́ bí ìtàn awò tó ń dára sí i. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi ti wà kí Stielow tó dé iwájú adájọ́. Ohun tí kò sí nígbà yẹn, tí kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán títí di òní, ni ìdánwò tí onímọ̀ fúnra rẹ̀ lè fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ní gbangba.

Ká tó mọ ohun tí àmì lè gbé, ó yẹ ká mọ bí ó ṣe dé ara ọta. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ po ẹ̀tù, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án: imí ọjọ́, èédú, àti iyọ̀ inú ilẹ̀ kan tó ń mú iná jó kíákíá. Ọ̀pá ọparun ni wọ́n ń kì í sí lákọ̀ọ́kọ́ kó tó di irin. Nígbà tó dé Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá ọ̀nà tí iná yóò fi kan ẹ̀tù lásìkò tí ẹni tó gbé ìbọn bá fẹ́. Okùn tí wọ́n tiná bọ̀ ló ṣíwájú, òkúta tó ń ṣáná tẹ̀ lé e, títí Alexander Forsyth, àlùfáà ìjọ ará Scotland, fi gbàwé àṣẹ ní 1807 fún èròjà tó ń gbiná bí a bá ti lù ú.

Ní gbogbo àkókò yẹn, inú ọ̀pá ìbọn púpọ̀ jù lọ ń dán bọ̀rọ̀. Ọta wọn, òjé róbótó, kéré díẹ̀ sí ihò ọ̀pá kó lè ráyè wọlé láti ẹnu. Bó bá ń jáde, ó ń gbá ọ̀tún, ó ń gbá òsì, kì í sì í gbé àmì tó ní láárí. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ tí wọ́n sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ yìí kò fi kan inú ìbọn rárá. Ní 1835, ìránṣẹ́ ilé kan ní Southampton sọ pé àwọn olè yìnbọn sí òun. Henry Goddard, ọ̀kan lára àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Bow Street ní London, rí kókó kékeré kan lára ọta náà. Ó yẹ ohun tí ìránṣẹ́ náà fi ń yọ́ òjé sí ọta wò, ó sì bá àbùkù tó bí kókó náà níbẹ̀. Ìránṣẹ́ náà ló yìnbọn ọ̀hún fúnra rẹ̀.

Àwọn alágbẹ̀dẹ Jámánì ti ń gbẹ́ kòtò tó lọ́ sínú ọ̀pá ìbọn láti nǹkan bí 1500, kí ọta lè máa yí bó ṣe ń lọ, kó má sì ṣìnà. Kíki irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gba àkókò, ojú ogun kò sì fàyè sílẹ̀. Ní 1849 ni Claude-Étienne Minié, ọ̀gágun ará Faransé, ṣe ọta tí ìdí rẹ̀ jìn, tí agbára ẹ̀tù ń fẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ kòtò. Láti ìgbà náà ni ìbọn oníkòtò ti di ti ọmọ ogun lásán. Káátíríìjì onídẹ, tí a ń ki láti ìdí, tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì sí wa níbí ni pé kí ọta tó lè lọ tààrà, ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ dì í mú, dídìmú yẹn ló sì ń kọ ìlà sí i lára. Bí ìbọn ṣe ń mọ ènìyàn í pa sí i ló ń tú àṣírí ara rẹ̀ sí i.

Àmì náà ní ìpele, ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà. Iye kòtò, fífẹ̀ wọn àti ọwọ́ tí wọ́n lọ́ sí jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Kòtò mẹ́fà tó lọ́ sósì ni Colt máa ń gbẹ́ sínú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ láyé àtijọ́; márùn-ún tó lọ́ sọ́tùn-ún ni ti Smith & Wesson. Irú àmì yìí lè yọ ìbọn kan kúrò nínú ọ̀ràn pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè ti ọ̀ràn mọ́ ìbọn kan ṣoṣo lọ́rùn. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìlà wẹ́wẹ́ wà, èyí tí irinṣẹ́, ìpata àti lílò fi sínú ọ̀pá, àti èyí tí irin tó gún ìdí káátíríìjì ń fi sára èèpo rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni onímọ̀ fi ń sọ pé ìbọn báyìí ni, kì í ṣe òmíràn. Èyí tó léwu jù lọ wà láàárín méjèèjì: ìlà tí irinṣẹ́ kan náà fi sínú ọ̀pọ̀ ìbọn tó tẹ̀ léra lórí ẹ̀rọ. Ó máa ń jọ ti ìbọn kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ojú tó mọṣẹ́ lè ṣì í.

Charles Waite wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Stielow. Lẹ́yìn ẹjọ́ náà ló ń lọ láti ilé iṣẹ́ ìbọn kan dé òmíràn, ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, tó ń gba ìwọ̀n kòtò gbogbo irú ìbọn tí wọ́n ń ṣe. Ní 1925, òun, Calvin Goddard tó jẹ́ dókítà ológun, Philip Gravelle àti John Fisher dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní New York. Gravelle ló so maikirosíkóòpù méjì pọ̀ kí ojú lè rí ọta méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Waite kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ Goddard. Nígbà tí wọ́n pa ọkùnrin méje ní Chicago lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1929, aṣọ ọlọ́pàá wà lọ́rùn àwọn kan lára àwọn apànìyàn náà, ìfura sì wọ̀lú pé ọlọ́pàá gan-an ni. Goddard wo àwọn èèpo káátíríìjì, ó ní ìbọn Thompson méjì ni wọ́n lò. Ó dán àwọn Thompson ọlọ́pàá wò, kò sí èyí tó bá a mu níbẹ̀. Kí ọdún tó parí, wọ́n rí Thompson méjì nílé Fred Burke ní Michigan, Goddard sì sọ pé àwọn ni. Apá kejì ìtàn yìí ni ayé ń pariwo. Apá kìíní ni mo kà sí jù, nítorí pé iṣẹ́ tí ìmọ̀ yìí lè ṣe pẹ̀lú ìdánilójú ni ó ṣe níbẹ̀: ó ní kì í ṣe èyí.

Ẹjọ́ Sacco àti Vanzetti ló fi ewu tí mò ń wí hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n pa ènìyàn méjì ní South Braintree, ní Massachusetts, ní 1920, wọ́n sì mú àwọn ará Ítálì méjì yìí. Ní ilé ẹjọ́ ní 1921, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Proctor bóyá ọta tó pa ọ̀kan nínú àwọn òkú jáde láti inú ìbọn Colt ti Sacco. Ó dáhùn pé ní èrò òun, ó bá a mu pé ìbọn náà ló yọ ọ́. Àwọn júrì gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1923, Proctor búra nínú ìwé pé òun àti agbẹjọ́rò ìjọba ti jọ fẹnu kò sí ìdáhùn yẹn ṣáájú, nítorí òun ti sọ fún un pé òun kò rí ẹ̀rí pé ìbọn Sacco gan-an ni. Ká ní wọ́n béèrè tààrà ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òun ìbá sọ. Ohun tí Proctor mọ̀ kò ju pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè yọ irú ọta bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa ọkùnrin méjèèjì lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1927.

Kò ní dáa kí n fi apá kan pamọ́. Goddard wo ọta náà ní 1927 kí wọ́n tó pa wọ́n, ó ní ìbọn Sacco ló yọ ọ́, àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe ní 1961 àti 1983 sì tì í lẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí Goddard jàre. Èyí kò wẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1921 mọ́, nítorí pé ìdáhùn tó bọ́ sí òótọ́ láìsí ìdánwò kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn kan yóò ní ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ní 2008, wọ́n ti yàrá ìwádìí ọlọ́pàá ìlú Detroit pa nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá lára àwọn iṣẹ́ ìbọn tí wọ́n tún wò ló ní àṣìṣe. Ní 2015, Anthony Ray Hinton jáde lẹ́wọ̀n ní Alabama lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tó ti ń retí ikú. Ọta tí wọ́n ní ó jáde láti inú ìbọn ìyá rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún un wò, wọn kò lè so ọta náà mọ́ ìbọn ọ̀hún. Ní 2016, ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń gba Ààrẹ Amẹ́ríkà nímọ̀ràn wá ìwádìí tó dán àwọn olùyẹ̀wò wò bó ṣe tọ́, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí. Nínú rẹ̀, ìgbà kan nínú nǹkan bí 66 ni wọ́n sọ pé ìbọn kan ni nígbà tí kì í ṣe òun, ó sì lè tó ìgbà kan nínú 46.

Àwọn oníṣẹ́ náà ní èsì, èsì wọn kì í ṣe yẹpẹrẹ. Wọ́n ní nínú iṣẹ́ gidi, olùyẹ̀wò kejì máa ń tún iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni kejì sábà máa ń mọ ohun tí ẹni kìíní sọ kó tó wò ó. Wọ́n tún ní àṣìṣe kò pọ̀ nínú àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní òun kò lè sọ kì í gba òdo, bí ìdáhùn tilẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń fò gbogbo ìbéèrè tó le lè jáde láìní àṣìṣe kan. Mo fara mọ́ ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Maryland sọ ní 2023, pé onímọ̀ kò gbọdọ̀ dúró síwájú júrì kó sọ láìfi gbèdéke sí i pé ìbọn yìí ló yọ ọta yìí. Ó lè sọ pé àmì wọn bára mu. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílẹ̀ Yorùbá lọ́nà tí ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà kò rò. Ìbọn dé ọ̀dọ̀ wa láti etíkun. Nígbà ogun Òwu, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú, nígbà tí idà àgédéǹgbé jẹ́ ohun ìjà àwọn ará Òwu. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn oníkòtò irú Snider gbà láti Èkó, ìyẹn sì yí ojú ogun padà. Ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ìbọn tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ wa ni ṣakabùlà, inú rẹ̀ kò sì ní kòtò kankan. Òjé wẹ́wẹ́ tàbí àfọ́kù irin ni wọ́n ń ki sí i, kò sì ní èèpo káátíríìjì tí yóò jábọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìpele àmì tí mo tò sókè yìí kò sí lára rẹ̀. Olùwádìí lè wo bí òjé ṣe fọ́n káàkiri ara kó fi mọ bí ẹni tó yìn ín ṣe jìnnà tó, ó sì lè wá èérí ẹ̀tù lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fura sí. Kò lè sọ pé ṣakabùlà lágbájá ni.

Ìbọn ìléwọ́ tí alágbẹ̀dẹ ń fi páìpù ṣe, tó ń gba káátíríìjì, tún ní ìṣòro tirẹ̀. Irin tó ń gún ìdí káátíríìjì nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́, àmì tó ń fi sílẹ̀ sì máa ń jinlẹ̀, ó máa ń fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ tí Waite kankan lè bẹ̀ wò láti gba ìwọ̀n, a kò sì gbọdọ̀ gbà láìdán an wò pé ìbọn márùn-ún tí alágbẹ̀dẹ kan fi ayùn kan náà rẹ́ kò ní jọ ara wọn. Abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà gba ilé ẹjọ́ láàyè láti gbọ́ èrò ẹni tó ní ìmọ̀ àkànṣe. Kò ní kí ẹni náà sọ iye ìgbà tó ti ṣì í. Adájọ́ ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ lè béèrè fúnra rẹ̀ kó tó gba irú èrò bẹ́ẹ̀ wọlé: ìbọn alágbẹ̀dẹ mélòó ni ẹlẹ́rìí yìí ti fi wéra rí, mélòó ló gbà nínú ìdánwò, mélòó ló fò, ta sì ni ẹni tó mọ ìdáhùn nígbà tó ń dán an wò?