Àmì tí Fáírọ́ọ̀sì ń Fi Sílẹ̀ Lára Jíìnì, àti Ẹ̀jẹ̀ Ará Ìbàdàn

Fáírọ́ọ̀sì lè kúrò lára kí àìlera tó mú wá má kúrò. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ èyí kí kòrónà tó dé. Ní Làìbéríà, wọ́n fi ẹni 966 tí Ebola ṣe tí wọ́n yè é wé ojúlùmọ̀ wọn 2,350 tí kò ṣe: oríkèé ríro, ẹ̀fọ́rí, àárẹ̀ àti ìgbàgbé pọ̀ lára àwọn tó yè é ju ti àwọn yòókù lọ.

Ibì kan tí àwọn onímọ̀ ń wá ìdí rẹ̀ sí ni epigenetics. Lẹ́tà DNA kò yí padà. Àmì kẹ́míkà orí rẹ̀ ló ń yí, bíi methyl, àti àmì ara histone, ìyẹn purotéènì tí DNA wé mọ́ bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú. Ibi tó bá wé le, jíìnì ibẹ̀ á dákẹ́. Ibi tó bá dẹ̀, á máa ṣiṣẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jẹ́ monocyte kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Báwo wá ni àmì ṣe ń pé ọdún? Ìwádìí kan tó jáde láti New York ní 2023 tọ́ka sí ìyá sẹ́ẹ̀lì tó ń ti inú mùdùnmúdùn egungun wá. Lára àwọn tí kòrónà ṣe gan-an, àmì náà wà títí di ọdún kan, ọmọ sẹ́ẹ̀lì sì ń jogún rẹ̀. Èròjà IL-6 wà lára ohun tó fà á.

Ìbàdàn ní ipa ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni 90, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún HapMap, iṣẹ́ tó ń ya àwòrán ìyàtọ̀ inú jíìnì ọmọ ènìyàn, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Wọ́n ya sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀, wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ní 2011, wọ́n yẹ methyl ara irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ti ẹni 77 wò, wọ́n sì rí i pé àwọn àmì kan tẹ̀lé jíìnì tí èèyàn jogún. Kì í ṣe gbogbo àmì tó yàtọ̀ ni fáírọ́ọ̀sì kọ, nígbà náà. Epstein-Barr fúnra rẹ̀ tún ń pa ọ̀pọ̀ methyl rẹ́, tó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì yàrá àyẹ̀wò kò lè ròyìn ẹ̀jẹ̀ tútù tán.

Ọjọ́ orí àti sìgá ń yí àmì padà pẹ̀lú. Bí oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan bá sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè dà bíi pé methyl ló yí. Ohun tí yóò yanjú rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà, tí wọ́n gbà nígbà tí ara dá, nígbà àìsàn, àti lẹ́yìn ọdún kan. Àdúgbò bí Àrẹ̀mọ ní Ìbàdàn dára fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gan-an: ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu nítòsí, ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà, agbo ilé sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti lè fi ẹni tí àrùn mú wé ẹni tí kò mú lábẹ́ òrùlé kan náà.