Agbẹ̀bí, ẹni tó gbà

Àbúrò mi kan tó ń gbẹ̀bí ní London pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti fi oyè dá a lọ́lá nídìí iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ oyè náà sì ni Honorary Fellow. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì n'Íbàdàn, Yorùbá ni ìwé ètò ìsìn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí Bíbélì Yorùbá nìkan ni ìyá rẹ̀ ń kà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká pè é?" Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

N kò bẹ̀rẹ̀ láti orí oyè. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tú palẹ̀: a, gbà, ẹ̀bí. Ara bí ni ẹ̀bí yìí ti wá, bí ẹ̀kọ́ ṣe wá láti ara kọ́, tí ẹ̀rín wá láti ara rín. Kì í dá rìn mọ́ lóde òní. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń lọ wo ẹ̀bí. Inú agbẹ̀bí àti ìgbẹ̀bí ló fara pamọ́ sí. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹbí, ìyẹn mọ̀lẹ́bí, ni agbẹ̀bí ń gbà. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ohùn kò jẹ́. Ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ ẹbí, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì wà láàárín agbẹ̀bí. Èyí tí mo lè gbà ni pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, inú bí ni wọ́n ti jáde.

Orí gbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ẹni tó ń rọbí ló ń bí. Agbẹ̀bí kì í bí, gbígbà ló ń gbà. Láyé ìjọ́un, orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin máa ń wà, ọwọ́ agbẹ̀bí á sì wà nísàlẹ̀, ní ṣíṣí, tí yóò máa retí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ ti ń bímọ báyìí, síbẹ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ la ṣì ń wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí gbà ní kì í ṣe ọwọ́ rere nìkan. Olè a máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ikú a máa gbẹ̀mí. Ẹ tún un pè kí ẹ gbọ́: gbẹ̀bí, gbẹ̀mí. Ẹ̀mí náà wá láti ara mí, bí ẹ̀bí ṣe wá láti ara bí. Ètè méjèèjì la pa dé ká tó pe b, òun náà la pa dé ká tó pe m, ohùn kan náà ló sì wà lórí wọn. Pé èémí gba imú kọjá nínú ọ̀kan ni ìyàtọ̀ wọn.

Fáráò fẹ́ pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, ó ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí àwọn Hébérù méjì, Ṣífírà àti Púà, ó ní bí ọmọ bá ti jẹ́ ọkùnrin kí wọ́n pa á. Ó ń fẹ́ kí ọwọ́ tó ń gbẹ̀bí máa gbẹ̀mí. Wọ́n kọ̀. Nígbà tó bi wọ́n léèrè, wọ́n ní àwọn obìnrin Hébérù lágbára, wọ́n ti máa ń bímọ kí agbẹ̀bí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Irọ́ ni, bó bá ṣe tèmi, irọ́ tó sì mọ́gbọ́n dání. Ìwé náà sọ pé Ọlọ́run kọ́ ilé fún wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń túmọ̀ ẹsẹ yìí ló gbà pé ìdílé ni ilé tí ibẹ̀ ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni agbẹ̀bí ṣe gba ẹbí nígbẹ̀yìn, ohùn ì báà jẹ́, ì báà má jẹ́. N kò mọ oyè mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tó lọ́jọ́ lórí jù ú lọ.

Àwọn tó fún àbúrò mi lóyè ní orúkọ tiwọn fún iṣẹ́ náà. Midwife: ọ̀pọ̀ wa rò pé mid ibẹ̀ ni àárín, wife sì ni ìyàwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, mid ni pẹ̀lú, wif sì ni obìnrin: ẹni tó wà pẹ̀lú obìnrin. Ẹni tó ń rọbí gan-an ni obìnrin inú ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyí tí ọkùnrin tó bá kọ́ṣẹ́ náà kò fi nílò orúkọ tuntun. (Tiwa kò tilẹ̀ bá takọ-tabo ṣe rárá.) Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, sage-femme ni wọ́n ń kọ, obìnrin ọlọ́gbọ́n. Àwọn ará Jámánì ní Hebamme. Gbígbé sókè wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà náà sì wà nínú rẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n rí ìyá náà lẹ́yìn tó ti gba ọmọ tán, tó ń gbé e hàn wọ́n. Ní oṣù Kejìlá 2023, Jámánì yìí, Nàìjíríà, Togo àti orílẹ̀-èdè márùn-ún mìíràn pawọ́ pọ̀, UNESCO sì kọ iṣẹ́ agbẹ̀bí sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Gbogbo iṣẹ́ náà gboyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdárúkọ ẹnì kan.

Òfin ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣọ́ orúkọ tirẹ̀. Ní 1881, àwọn obìnrin kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní London kí agbẹ̀bí lè ní ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí; ẹgbẹ́ yẹn ló di Royal College of Midwives, 1947 sì ni Royal wọ orúkọ rẹ̀. Òfin ọdún 1902 sọ pé tó bá di 1905, obìnrin tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní midwife mọ́. Láti 1910, kò gbọdọ̀ fi gbígbẹ̀bí ṣe iṣẹ́ ajé àfi lábẹ́ dókítà. Orúkọ iṣẹ́ ti di oyè kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan oyè.

Agbẹ̀bí tiwa kò ní ọlọ́dẹ. Ẹni tó gbàwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Nursing and Midwifery Council of Nigeria, agbẹ̀bí ni. Ìyá àgbà tó ń fi ewé àti àgbo ṣiṣẹ́ lábúlé, agbẹ̀bí ni. Ìyá àbíyè inú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà náà ńkọ́? Ìjà pọ̀ lórí èyí, ikú aboyún àti ọmọ náà sì wà níbẹ̀, n kò ní fi bò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà gómìnà Olúṣẹ́gun Mimiko bẹ̀rẹ̀ ètò tó sọ ní Àbíyè ní 2009, kí aboyún lè rí ìtọ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé Agbẹ̀bíyè dé: nígbà náà, agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tó bá mú aboyún wá sílé ìwòsàn ń gbowó, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ẹni tó ronú kan orúkọ yẹn gbédè. Kò gba agbẹ̀bí lórúkọ, ó kàn so yè mọ́ ọn ní ìdí.

Ó wá ku oyè àbúrò mi. Mo tú fellow náà wò, ẹ̀rín sì pa mí. Àwọn ará àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́ ló ni ín, félagi ni wọ́n ń pè é: ẹni tó fi dúkìá lélẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọmọ èésú! Mo fẹ́ kọ ẹlẹgbẹ́, torí pé ẹ̀gbẹ́ tí í ṣe ìhà ara wà nítòsí ẹgbẹ́, ẹni tó sì wà pẹ̀lú obìnrin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ló wà. Honorary ló dà mí láàmú. "Ẹlẹgbẹ́ Ọlá" dún bí orúkọ àwọn tó ń dá aṣọ ẹbí. "Ọmọ Ẹgbẹ́ Ìdánilọ́lá" dún bí ẹni tí kì í san owó ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó jẹ́ náà kúkú nìyẹn. Fellow fi owó lélẹ̀. Èyí tó jẹ́ honorary kò fi owó lélẹ̀, ẹgbẹ́ ló wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ní owó rẹ̀ ti pé.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni orúkọ kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù ní University College Hospital, Ìbàdàn. Ìdí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òkìkí rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n aládùúgbò agbẹ̀bí ni nọ́ọ̀sì. Ní 1946 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital, London. Aláìsàn kan níbẹ̀ kò gbà kó fọwọ́ kan òun nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ní 1979, Royal College of Nursing fi oyè Fellow dá a lọ́lá. Kò-fi-owó-ra-ọlá: àwọn òbí rẹ̀ ti túmọ̀ Honorary sórí rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Mo pe àbúrò mi, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n á rò pé orúkọ mi ni mo pa dà."

Honorary Fellow ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ètò, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tó jókòó ti ìyá rẹ̀ bi í pé irú oyè wo tilẹ̀ ni ọmọ wọ́n gbà nílùú òyìnbó. Ìyá tún gèlè ṣe.

"Àwọn ló gba ọmọ mi," ló wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ní ṣíṣí, ọ̀kan lábẹ́ èkejì.