Kí ló ń mú kí omi pọ́ǹpù wa pọ́n?

Orí àpáta la ń gbé, láti Kèrè títí dé Dassa-Zoumè. Bí omi pọ́ǹpù bá pọ́n bí amọ̀ láàárọ̀, tó ń rùn bí irin, àwọn kan á ní kànga ti bàjẹ́, wọ́n á sì padà sí odò. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Omi abẹ́ akọ òkúta sábà máa ń kan díẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní pH ni wọ́n fi ń wọn ìkan náà: 7 ni àárín, bó bá ṣe ń dín sí i ni omi ń kan sí i. Páìpù galva jẹ́ irin tí wọ́n fi zinc bò. Láàárín 1980 sí 1990, Báǹkì Àgbáyé àti PNUD dán pọ́ǹpù ọwọ́ wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí i pé bí pH bá ti wà nísàlẹ̀ 6,5, galva kì í lè dáàbò bo irin mọ́. Omi á jẹ zinc tán, irin á dógùn-ún, ìpẹtà á sì máa bá omi jáde.

Inox yàtọ̀. Wọ́n po chrome mọ́ irin yẹn látinú wá, ó kéré tán 10,5 nínú ọgọ́rùn-ún. Chrome yìí ló ń hu awọ tín-ín-rín tí ojú ò lè rí. Bí nǹkan bá ha á, awọ náà á tún hù. Àmọ́ bí iná wélídà bá pọ̀ jù, carbon inú irin á fa chrome sọ́dọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú wélídà á sì ṣaláìní: ibẹ̀ ni ìpẹtà ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe 304L àti 316L. L yẹn ń sọ pé carbon rẹ̀ kéré.

Ẹ wá dán èyí wò. Ẹ fa omi àkọ́kọ́ láàárọ̀ kùtù sínú ike funfun. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá ti pọn omi fún bíi wákàtí kan, ẹ fa òmíràn. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan ló pọ́n, páìpù ni ẹ fura sí. Bí méjèèjì bá pọ́n bákan náà, ó lè jẹ́ inú ilẹ̀ ni irin náà ti ń wá; pípààrọ̀ páìpù nìkan ò ní tó.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ omi tó náwó, ẹ ní kí onímọ̀ pọ́ǹpù wọn pH. Bó bá wà nísàlẹ̀ 6,5, ẹ má ra galva. Inox wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ríra galva léraléra lè wọ́n jù ú lọ.