Fèrè Darandaran: Àwòrán Claude Lorrain Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn
Ní ọdún 1636, ní Róòmù, Claude Lorrain fi abẹ́rẹ́ ya Le Bouvier, ìyẹn Darandaran, sára bàbà tí a fi ìda bò, kí ásíìdì tó jẹ ojú ìlà rẹ̀. Àwọn màlúù ń bẹ nínú odò. Ẹni tó ń dà wọ́n jókòó, ó ń fọn fèrè. Fèrè yẹn gan-an ni ó yẹ kí òpìtàn ṣọ́ra fún. Pápá tó yí Róòmù ká nígbà náà wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé ọlọ́lá àti ìjọ Àgùdà. Ibà a sì máa pa àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nígbà ooru. Àwòrán yìí kò fi onílẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi aláìsàn hàn. Ní tèmi, ojú tí ará ìlú tó ń ra àwòrán fi ń wo oko ni ó ṣàkọsílẹ̀.