Òjò, Òṣùpá àti Ọdún: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Gbéra ní Ìgándò?

Bí ọlidé gígùn bá ti ń sún mọ́lé ní ìparí oṣù keje, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìgándò sinmi. Ìyá tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú á ní kí àwọn ọmọ wá wo ẹṣin ní Ojúde Ọba. Bàbá tó jẹ́ ará Òṣogbo á ní ọdún Ọ̀ṣun lòun ń lọ ní tòun. Bàbá ṣì lè rí tirẹ̀ wò. Ti ìyá ti kọjá! Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní kíláàsì. Kí ló dé tí ọdún kan dúró sójú kan, tí èkejì ń sá kiri?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òjò. Lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń le lọ́dún. Oṣù kẹfà ló máa ń pọ̀ jù l'Ékòó, ó lè ju 300 mílímítà lọ láàárín oṣù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì nígbà náà kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. Àmọ́ òjò ń tẹ̀lé oòrùn lọ sókè. Tó bá fi máa di ìparí oṣù keje, ògidì òjò á ti kọjá wa lọ sápá Kánò àti Sókótó, omi òkun etí ilẹ̀ wa á sì ti tutù sí i. Ojú ọ̀run á kàn ṣú lásán, òjò wínníwínní, atẹ́gùn tútù. Ohun táwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní August break nìyẹn. Nínú oṣù kẹsàn-án, òjò á padà sọ́dọ̀ wa, á sì tún le wọ oṣù kẹwàá.

Àwọn baba wa kò ní mílímítà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àlàfo yìí. Nínú kàlẹ́ńdà Yorùbá, Agẹmọ ni wọ́n ń pe oṣù keje, Ògún ni oṣù kẹjọ, Ọ̀wàrà ni oṣù kẹwàá, orúkọ tó ń mú ọ̀wààrà òjò wá síni lọ́kàn. Nígbà tí òjò bá dẹwọ́ ni iṣu tuntun ń wọlé, ọ̀nà á ṣeé rìn, àlejò á ṣeé retí. Kò yani lẹ́nu pé ibẹ̀ ni ọdún kóra jọ sí. Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́ wà níbẹ̀, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àṣà ayé ní 2023. Ó jọ mí lójú pé asìkò tí ààrá rọlẹ̀ díẹ̀ ni Olúkòso ń ṣọdún. Bóyá òun náà ń gba ọlidé ni.

Ti Ọ̀ṣun yẹ ká dúró lé lórí, torí ọ̀rọ̀ omi ló dá a sílẹ̀. Ìtàn àwọn ará Òṣogbo ni pé ọ̀dá ló lé Láròóyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé. Olútìmẹ́hìn, ọdẹ, wà lára àwọn tó wá omi débi odò náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò, ohùn kan sì ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bá odò mulẹ̀: kó dáàbò bò wọ́n, káwọn náà máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọdún náà ń gbà. Wọ́n á ṣe Ìwọ́pópó, wọ́n á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, wọ́n á bọ àwọn adé, kó tó wá di ọjọ́ tí Arugbá, wúńdíá, á ru igbá láti ààfin Àtáọ́ja lọ sétí odò. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ ló sábà ń bọ́ sí.

Igbó yẹn ì bá ti di ilé àti oko. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo, ló dúró tì í. Ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi kún ogún àgbáyé ní 2005. Àmọ́ omi tí wọ́n ń torí rẹ̀ wá ti yí àwọ̀. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ló dà á rú. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí èèyàn má mu ún. Ẹ gbé omi mímu dání o.

Ojúde Ọba kò bá iṣu tàbí òjò dọ́rẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Mùsùlùmí a máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n ní Balógun Kúkù, tó gba Ìsìláàmù ní 1902, ló sọ ọ́ di ti ẹṣin àti ayẹyẹ. Ẹgbẹ́ régbérégbé wá fi aṣọ àti ìlù kún un. Òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀lé, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sá sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní 2006, ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe Iléyá! Ní 2018, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ló bọ́ sí, àárín ọlidé gan-an. Kó tó tún yí débẹ̀, á tó nǹkan bí 2050. Ìyá Ìjẹ̀bú á ti di ìyá àgbà.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tún gbọ́ tiyín. Obìnrin kì í rí Agẹmọ tí wọ́n ń ṣe n'Íjẹ̀bú ní nǹkan bí oṣù keje, àwọn ìlú mìíràn sì ń ṣe Orò. Ẹ bi ará ilé léèrè ọjọ́ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.

Ẹni tó bá sì gbọ́kàn lé August break pátápátá, kó bi àwọn àgbà Ìbàdàn. Ọjọ́ Sunday, 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí èèyàn ṣì lè rò pé òjò ń sinmi, òjò ńlá rọ̀, odò Ògùnpa sì ya wọ ìgboro. Ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, èèyàn tó bá a lọ lé ní igba. Ilé wà létí omi, ìdọ̀tí ti dí ojú odò. Òjò nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, ó tún ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn kan náà: afárá já, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú.

Ìbàdàn yìí sì ni ọ̀pọ̀ ará Ìgándò ń gbà lọ sí Òṣogbo. Reluwé Èkó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní 1901. Èyí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2021, ẹ lè wọ̀ ọ́ l'Ágége kó gbé yín dé Mọ́níyà, kẹ́ ẹ tó wá mọ́tò Òṣogbo. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ ni màá mú, màá gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mi ò sì ní í rìn lóru. Ẹni tó bá fẹ́ dúró de Ọlọ́jọ́ n'Ífẹ̀, kó lè rí Ọọ̀ni pẹ̀lú adé Àrè, ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni ìyẹn sábà ń jẹ́: òjò á ti padà dé, àwọn ọmọ á sì ti wọlé ilé-ìwé.